Ẹ̀wọ̀n tó ń dá ọkọ̀ ró

Ìdákọ̀ró: ohun tó ń dá ọkọ̀ ró. Orúkọ náà gbé gbogbo iyì fún irin eléékánná tó lọ wọ inú ẹrẹ̀, ó sì gbàgbé ẹ̀wọ̀n tó so ó mọ́ ọkọ̀. Bẹ́ẹ̀, bí ẹ̀wọ̀n yẹn ṣe sùn sí ìsàlẹ̀ òkun ló ń pinnu bóyá ọkọ̀ máa dúró.

Iṣẹ́ ìdákọ̀ró kò jìnnà sí ti ọkọ́ àgbẹ̀. Fà á nílẹ̀ẹ́lẹ̀, ẹnu rẹ̀ á túbọ̀ wọlẹ̀. Gbé èèkù rẹ̀ sókè, á jáde. Ẹ̀wọ̀n ni kì í jẹ́ kí èèkù náà gbéra. Apá kan rẹ̀ á nà gbalaja sórí ilẹ̀ abẹ́ omi, ìyókù á tẹ̀ bí ọrun gòkè lọ bá imú ọkọ̀. Bí afẹ́fẹ́ bá ti ọkọ̀ sẹ́yìn, ó dìgbà tó bá gbé gbogbo irin wọ̀nyẹn nílẹ̀ kó tó lè fa ìdákọ̀ró sókè. Bí afẹ́fẹ́ bá rọlẹ̀, irin á tún rì padà, á sì rọra fa ọkọ̀ síwájú.

Ìdí nìyí tí gígùn fi ṣe pàtàkì. Ohun tó wọ́pọ̀ ni kí ẹ̀wọ̀n tó wà níta tó ìlọ́po márùn-ún sí méje jíjìn omi. Ní omi mítà 20, mítà 100 sí 140 nìyẹn. Nínú ọkọ̀ kékeré, gíga imú ọkọ̀ sókè omi gbọ́dọ̀ wọ inú ìṣirò náà, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ sì ti ń ṣìṣe. Omi mítà 3, imú ọkọ̀ mítà 1: ìlọ́po márùn-ún rẹ̀ jẹ́ mítà 20, kì í ṣe 15.

Lórí ọkọ̀ ńlá, shackle ni wọ́n fi ń ka ẹ̀wọ̀n, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì jẹ́ nǹkan bíi mítà 27.5. Níbi tí ọ̀kan ti pàdé èkejì, wọ́n máa ń kun ojú ẹ̀wọ̀n lọ́dà kí ẹni tó dúró níwájú lè mọ iye tó ti jáde. Ojú ẹ̀wọ̀n ọkọ̀ ńlá tún sábà máa ń ní irin kékeré tó dábùú àárín rẹ̀: kì í jẹ́ kó fún pọ̀ nígbà tí ẹrù bá wà lórí rẹ̀, kì í sì í jẹ́ kí ẹ̀wọ̀n ta kókó nínú yàrá tí wọ́n ń dà á sí.

Ọ̀pọ̀ rò pé ẹ̀rọ tó ń wọ́ ẹ̀wọ̀n wọlé ló di ọkọ̀ mú. Rárá o. Irin ìdènà kan ni wọ́n máa ń gbé dábùú ẹ̀wọ̀n, òun ló ń ru ẹrù náà. Ìkángun ẹ̀wọ̀n sì wà nínú yàrá rẹ̀ nísàlẹ̀, wọ́n so ó mọ́ ara ọkọ̀ lọ́nà tó ṣeé tú láti ìta, nítorí ọjọ́ kan lè wà tí ọkọ̀ gbọ́dọ̀ sá kíákíá, kí ẹ̀wọ̀n àti ìdákọ̀ró di ẹbọ.

Jíju ìdákọ̀ró sómi náà ní ọgbọ́n. Ọkọ̀ gbọ́dọ̀ máa rọra fẹ̀yìn rìn bí ẹ̀wọ̀n ṣe ń jáde. Bó bá dúró sójú kan, ẹ̀wọ̀n á kó jọ bí òkìtì sórí ìdákọ̀ró, á sì lọ́ mọ́ ọn.

Àwọn ọkọ̀ tó ń dúró de àyè níwájú èbúté Èkó náà ń bá èyí jà: bí ìṣàn omi tàbí afẹ́fẹ́ bá yí, ọkọ̀ á yí ìdákọ̀ró rẹ̀ po. Bí ẹ̀wọ̀n bá ṣe gùn tó ni àyè tí ọkọ̀ gbà á ṣe fẹ̀ tó, torí náà ọ̀gákọ̀ ní láti wo aládùúgbò rẹ̀ kó tó pinnu iye shackle tó máa tú.