Almighty Formula Kì í Ṣe Ọfọ̀

Bí ẹ bá fẹ́ mọ àwọn tó kàwé dé SS2 nínú ọkọ̀ tó ń ti Adó lọ sí Ìkẹ́rẹ́, ẹ má wulẹ̀ bi ẹnikẹ́ni léèrè. Ẹ ṣáà sọ ọ́ sókè pé, "Máínọ́ọ̀sì bíì…" kí ẹ sì dákẹ́. Wọ́n á gbà á lẹ́nu yín: "…pọ́lọ́ọ̀sì ọ̀ máínọ́ọ̀sì, skúẹ̀ rúùtù bíì skúẹ̀, máínọ́ọ̀sì fọ́ọ̀ éè síì, ọ́ọ̀lù ófà túù éè!" Lọ́yà á sọ ọ́, ìyá tó ń ta gààrí á sọ ọ́, dírẹ́bà náà á dá sí i. Ohùn kan náà ni gbogbo wọn fi ń sọ ọ́, ibì kan náà ni wọ́n sì ti ń mí. Ó wá ku kí ẹ bi wọ́n pé kí ni "éè" yẹn. Ibẹ̀ lẹ ó ti gbọ́ pé, "Dírẹ́bà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tan rédíò."

Fọ́múlà tí a fi ń wá x nínú ìṣirò tó bá ní x² ni wọ́n ń pè yẹn. Ohun tí ọ̀pọ̀ wa gbà gbọ́ ni pé orí tó ń rántí nǹkan ló ni fọ́múlà yìí. Ọwọ́ tí wọ́n fi ń mú ọfọ̀ la fi mú un: ẹyọ ọ̀rọ̀ kan kò gbọdọ̀ yẹ̀, ẹni tó ń pè é kò sì gbọdọ̀ bèèrè ìdí. Orúkọ tí àwọn ọmọ iléèwé ní Nàìjíríà sọ ọ́, Almighty Formula, tún wá bá a jẹ́ pátápátá, nítorí ta ni í bi Alágbára léèrè pé báwo lo ṣe dé ibi tí o wà? Ọmọ tó bá sì gbàgbé rẹ̀ lọ́jọ́ ìdánwò ti di olódo nìyẹn. Ní ọ̀dọ̀ wa ní Èkìtì, ẹ̀gàn rẹ̀ tún wúwo jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí wọ́n ti sọ fún gbogbo ayé pé kò sí agboolé tí kò ní ọ̀jọ̀gbọ́n níbí. "Ọmọ Èkìtì wo wá lèyí?"

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń dé ìdí ìsọ̀yè. Bí WAEC bá ti ku fẹ́ẹ́fẹ́ẹ́, àwọn òbí kan á lọ wá ìsọ̀yè fún ọmọ, àwọn mìíràn á gbé bírò rẹ̀ lọ síwájú àlùfáà. N kò bá ìsọ̀yè ẹnikẹ́ni jà. Ẹ tilẹ̀ jẹ́ ká gbà pé ó jẹ́, pé ọmọ náà ń rántí ohun gbogbo títí dé àwọ̀ ewúrẹ́ tí aládùúgbò tà lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn. Ẹ wá kọ èyí sí bọ́ọ̀dù fún un:

3x = 10 − x²

Ọmọ tó ní ìsọ̀yè á ní 3 ni éè, torí òun ló kọ́kọ́ rí. Ó ní 10 ni bíì. Ó ní −1 ni síì. Ó pe fọ́múlà náà láìṣì ẹyọ ọ̀rọ̀ kan, ó sì bá ara rẹ̀ nídìí rúùtù 112, èyí tí kò jọ nǹkan kan. Ó wo àjà. Ó wo ẹni tó jókòó tì í. Bẹ́ẹ̀, ohun tó yẹ kó kọ́kọ́ ṣe ni pé kó kó gbogbo rẹ̀ sí apá kan, kí òdo ṣẹ́kù sí apá kejì: x² + 3x − 10 = 0. Ìgbà yẹn ni iye x², ìyẹn 1, tó di éè, iye x, ìyẹn 3, tó di bíì, −10 tó dá dúró tó di síì. Iye tó ń jẹ́ x níbẹ̀ ni 2 tàbí −5. Ìrántí ọmọ náà kò yẹ̀ rárá. Kò kàn mọ ohun tó ń rántí ni.

N kò dá tíṣà lẹ́bi púpọ̀. Ẹni tí kíláàsì rẹ̀ kún fọ́fọ́, tí sílábọ́ọ̀sì rẹ̀ kò tíì dé ìdajì, á kọ ọ́ sí bọ́ọ̀dù, á ní "ẹ lọ kíráàmù rẹ̀." Orin pàápàá kò burú. Ní Amẹ́ríkà, orin àwọn ọmọdé kan tó gbajúmọ̀ làwọn tíṣà fi ń kọ́ wọn ní fọ́múlà yìí kan náà. Àwa náà ṣáà fi orin kọ́ táìmù tébù, a sì ń jẹ èrè rẹ̀ lọ́jà títí dòní. Ohun tí n kò gbà ni pé orin yẹn ni ìmọ̀ náà.

Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ náà ṣe pẹ́ tó. Àwọn ará Bábílónì, níbi tó ń jẹ́ Ìráàkì lónìí, ti ń yanjú irú ìṣirò yìí ní nǹkan bí 3,800 ọdún sẹ́yìn. Orí amọ̀ tútù ni wọ́n ń kọ ọ́ sí. Ọ̀kan nínú àwọn wàláà amọ̀ náà wà ní British Museum ní Lọ́ńdọ̀nù, BM 13901 ni nọ́ńbà tí wọ́n fún un. Ìbéèrè àkọ́kọ́ orí rẹ̀ lọ báyìí: a ro bí ilẹ̀ onígun mẹ́rin ọgbọọgba kan ṣe fẹ̀ tó pọ̀ mọ́ gígùn ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó jẹ́ ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin, báwo ni ẹ̀gbẹ́ náà ṣe gùn tó? Ìdajì ni. Ní 628, Brahmagupta ní Íńdíà fi ọ̀rọ̀ ẹnu lásán to ọ̀nà rẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ. Ní nǹkan bí 820, al-Khwarizmi kọ ìwé lé e lórí ní Bàgdádì, kò sí lẹ́tà a tàbí b kan nínú ìṣirò rẹ̀. Ó di 1637 kí René Descartes, ará Faransé, tó tẹ ìwé tó fi a, b, c dúró fún iye tí a mọ̀, tó fi x, y, z dúró fún èyí tí a ń wá. Ìyẹn ni pé ó lé ní 3,000 ọdún tí àwọn èèyàn fi ń rí x láìsí ẹni tó ń kígbe "máínọ́ọ̀sì bíì." Kò tíì sí bíì tí wọn ì bá máínọ́ọ̀sì.

Kí ni wọ́n wá ń ṣe? Wọ́n ń ya ilẹ̀. Ẹ jẹ́ ká yà á ní Ìkẹ́rẹ́.

Ìyá kan fẹ́ gbin ẹ̀fọ́ sí ẹ̀yìnkùlé. Ó kọ́kọ́ ro ilẹ̀ onígun mẹ́rin ọgbọọgba kan, tí a kò mọ gígùn ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. X nìyẹn. Ilẹ̀ náà kò tó o, ó bá ro kún un lápá ọ̀tún, ìbú ibẹ̀ jẹ́ mítà 5. Ó tún ro kún un nísàlẹ̀, mítà 5 bákan náà. Nígbà tó wọn gbogbo ibi tó gbin, ó jẹ́ skúẹ̀ mítà 39. Bí ẹ bá fi igi fa àwòrán rẹ̀ sílẹ̀, ẹ ó rí i pé igun kan ṣófo, níbi tí ilẹ̀ apá ọ̀tún àti ti ìsàlẹ̀ ì bá ti pàdé. Àpáta ló wà níbẹ̀. Èkìtì ṣáà la wà.

Àpáta yẹn gan-an ni kọ́kọ́rọ́ ọ̀rọ̀. Mítà 5 ni lọ́nà méjèèjì, nítorí náà skúẹ̀ mítà 25 ni. Ẹ fi kún 39, ó di 64, ọgbà náà sì di onígun mẹ́rin ọgbọọgba ńlá kan tí kò ní àbùkù. Nọ́ńbà wo lọ́nà ara rẹ̀ ni yóò jẹ́ 64? 8 ni. Ẹ yọ 5 tó fi kún un kúrò, ó ku 3. Ilẹ̀ àkọ́kọ́ tí ìyá yẹn ro jẹ́ mítà 3 sí mítà 3. Ìbéèrè náà, x² + 10x = 39, inú ìwé al-Khwarizmi ló wà; ẹ̀fọ́ àti àpáta nìkan ni tèmi.

Gbogbo ohun tí wọ́n ń kọ lórin ló wà nínú ọgbà yẹn. Ibi àpáta ni "bíì skúẹ̀" ti wá. "Síì" ni 39 tí wọ́n ti kó lọ sí apá kejì. "Skúẹ̀ rúùtù" ni bí a ṣe wá ẹ̀gbẹ́ ọgbà ńlá nínú 64. "Máínọ́ọ̀sì bíì" ni 5 tí a yọ níkẹyìn. "Túù" ìsàlẹ̀ ni bí a ṣe dá 10 sí méjì, 5 fún apá ọ̀tún, 5 fún ìsàlẹ̀. "Éè" kò níṣẹ́ níbí. Ọjọ́ tí x² bá ju ẹyọ kan lọ la ó pè é. Ní ti "pọ́lọ́ọ̀sì ọ̀ máínọ́ọ̀sì," −8 lọ́nà −8 náà jẹ́ 64, nítorí náà −13 tún jẹ́ ìdáhùn kejì. Al-Khwarizmi kò kà á sí, torí kò sí ọgbà tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kéré sí òdo. Àwa lónìí ń kọ méjèèjì.

Ní ti agbára tí wọ́n ní ó ní, kò tó bẹ́ẹ̀. X² nìkan ló lè ká. Tó bá ti di x³, fọ́múlà mìíràn ni, èyí tí Girolamo Cardano, ará Ítálì, tẹ̀ jáde ní 1545, tó gùn débi pé n kò tíì rí iléèwé tó fi kọrin. Inú ìwé yẹn náà ni ti x⁴ wà. Ní ti x⁵, ọ̀dọ́mọkùnrin ará Nọ́wè kan, Niels Henrik Abel, fi hàn ní 1824 pé kò sí fọ́múlà àròpọ̀, àyọkúrò, ìsọdipúpọ̀, pínpín àti rúùtù tó lè yanjú gbogbo wọn. Kì í ṣe pé wọn ò tíì rí i o, kò sí ni. Ọmọ ọdún 26 ni Abel nígbà tó kú ní 1829.

Ohun kan tún wà tí kíráàmù kì í jẹ́ kí ọmọ rí. Ká ní ẹnì kan ju òkúta sókè sí mángòrò lórí igi, tí òkúta náà ń fi mítà 10 lọ ní ìṣẹ́jú-àáyá kan bó ṣe kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Mángòrò wà ní mítà 10 sókè ọwọ́ rẹ̀. Ìgbà wo ni òkúta máa bà á? Bí a bá lo 10 fún agbára tí ilẹ̀ fi ń fa nǹkan, ikuéṣọ̀n rẹ̀ ni 5t² − 10t + 10 = 0, t ni iye ìṣẹ́jú-àáyá tí a ń wá. Bíì skúẹ̀ jẹ́ 100, fọ́ọ̀ éè síì jẹ́ 200, ohun tó kù sábẹ́ rúùtù jẹ́ −100. Kakulétọ̀ á kọ "Math ERROR," ọmọ á sì ro pé òun ti ṣì í. Kò ṣì í. Fọ́múlà náà ń sọ fún un pé òkúta yẹn kò ní débẹ̀ láéláé. Mítà 5 péré ló máa lọ kó tó padà. Kó lọ wá igi gígùn.

Nítorí náà, bí orin náà bá ṣíwọ́ lẹ́nu yín nínú họ́ọ̀lù ìdánwò, ẹ fi í sílẹ̀. Ẹ fa ọgbà sí etí ìwé. Ẹ mú èyí tó gbé onísọ̀yè ṣubú lẹ́ẹ̀kan: x² + 3x = 10. Ẹ dá 3 sí méjì, 1.5. Àpáta igun jẹ́ 2.25. Ẹ fi kún 10, ó di 12.25. Rúùtù rẹ̀ jẹ́ 3.5 tàbí −3.5. Ẹ yọ 1.5 kúrò nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ kọ 2, ẹ kọ −5, kí ẹ sì bọ́ sí ìbéèrè tó kàn.