Kíbọ́ọ̀dù tanná, kọ̀ǹpútà kò gbọ́: ìbéèrè àti ìdáhùn lórí MIDI

Ní ọ̀sán Sátidé kan, àbúrò kan tó ń tẹ kíbọ́ọ̀dù ní ṣọ́ọ̀ṣì ní Iléṣà di kíbọ́ọ̀dù àti láptọ́ọ̀pù rẹ̀ sínú àpò, ó wọkọ̀, ó gba Òṣú kọjá, ó sì wá bá mi nínú yàrá kékeré tí mo ti ń gba orin sílẹ̀ ní Lágere, Ilé-Ifẹ̀. Kíbọ́ọ̀dù kékeré ni, kíì rẹ̀ jẹ́ 49, kò ní ohùn tirẹ̀. Owó tó fi oṣù mẹ́ta kó jọ ló fi rà á, àwọn kan sì ti ní kó tà á nítorí pé "ó ti kú". Inú mi kò dùn sí ìmọ̀ràn yẹn rárá. A jókòó tì í títí ilẹ̀ fi ṣú. Àwọn ohun tó bi mi àti èsì tí mo fún un nìyí.

Ẹ̀gbọ́n, mo so ó mọ́ láptọ́ọ̀pù, iná rẹ̀ tàn, mo tẹ̀ ẹ́ títí, mi ò gbọ́ nǹkan kan. Ṣé ó ti bàjẹ́ ni?

Mi ò rò bẹ́ẹ̀. Jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tó ń gba inú wáyà yẹn kọjá, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ wa ti ń ṣìnà. Kì í ṣe ohùn, àrokò ni. Bí àwọn baba wa bá fi owó ẹyọ mẹ́fà ránṣẹ́ sí ènìyàn, ẹni tó gbà á kò ní gbọ́ ohùn ẹnikẹ́ni. Á ka ẹfà, á sì mọ̀ pé ọkàn ẹni tó fi ránṣẹ́ fà sí òun. Bí MIDI, èdè tí ohun èlò orin àti kọ̀ǹpútà fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀, ṣe rí gan-an nìyẹn. Bí o bá tẹ C àárín, nọ́ńbà mẹ́ta ni kíbọ́ọ̀dù fi ránṣẹ́. Àkọ́kọ́ ń sọ pé wọ́n ti tẹ kíì kan, àti ṣánẹ́ẹ̀lì, ìyẹn ọ̀nà, tó gbà wá. Ìkejì ni 60, ìyẹn orúkọ C àárín. Ìkẹta ń sọ bí ọwọ́ rẹ ṣe wúwo tó, láti 1 dé 127. Ó parí. Kò sí dùùrù nínú rẹ̀, kò sí fèrè. Bí kò bá sí ẹni tó máa ka àrokò náà lọ́hùn-ún, a ò ní gbọ́ nǹkan kan.

Iṣẹ́ wa lónìí ni ká tọ ipasẹ̀ àrokò náà láti orí wáyà dé inú sípíkà, ká mọ ibi tó dé dúró.

Ṣùgbọ́n wáyà ń ṣiṣẹ́ kẹ̀, ẹ̀gbọ́n. Òun ló ń gbé iná fún kíbọ́ọ̀dù.

Pé iná tàn kò sọ pé wáyà ń jẹ́ iṣẹ́ tí a rán an. Wáyà USB tó pé ní wáyà tín-ín-rín mẹ́rin nínú: pupa àti dúdú ń gbé iná fólítì 5, funfun àti aláwọ̀ ewé ń gbé ọ̀rọ̀. Ọ̀pọ̀ wáyà fóònù olówó pọ́ọ́kú ni kò ní méjì ìkẹyìn yẹn. Ṣáájì nìkan ni wọ́n mọ̀.

Ó ti ṣẹlẹ̀ sí mi rí. Kíbọ́ọ̀dù mi nígbà yẹn ń lo irú wáyà tí wọ́n fi ń ṣáájì fóònù. Ilẹ̀ ọjọ́ kejì ló yẹ kí àwọn akọrin kan wá gbohùn sílẹ̀. Mo yọ driver (sọ́fítíwíà tó ń jẹ́ kí láptọ́ọ̀pù mọ ẹ̀rọ tí a so mọ́ ọn), mo tún un fi sí, ó kù díẹ̀ kí n pa gbogbo ohun tó wà lórí láptọ́ọ̀pù rẹ́ láàárín òru. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo yá wáyà àbúrò mi obìnrin, èyí tó bá fóònù rẹ̀ wá, kíbọ́ọ̀dù sì jí lójú ẹsẹ̀. Mo fi abẹ la wáyà tèmi. Pupa àti dúdú nìkan ni mo bá nínú rẹ̀, wọ́n lọ́ mọ́ra wọn bí òwú.

Ọ̀nà tó rọrùn jù láti dán irú wáyà bẹ́ẹ̀ wò: fi so fóònù mọ́ láptọ́ọ̀pù, kó o sì gbìyànjú láti kó fọ́tò. Bí fọ́tò bá kọjá, wáyà náà ń gbé ọ̀rọ̀. (A dán tìẹ wò, fọ́tò kọjá.) Bí ihò kíbọ́ọ̀dù rẹ bá jẹ́ onígun mẹ́rin, wáyà tí wọ́n fi ń so ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ló bá a mu. Má fi gba inú hub (ẹ̀rọ tó ń sọ ihò USB kan di púpọ̀), kì í ṣe gbogbo hub ló ń gbé iná tó tó. Inú láptọ́ọ̀pù gan-an ni kó o ti wáyà bọ̀ tààrà.

Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ pé láptọ́ọ̀pù ti rí i?

Lórí Windows, ṣí Device Manager, wo abẹ́ "Sound, video and game controllers", yọ wáyà, kó o tún un kì bọ̀ ọ́. Orúkọ kan gbọ́dọ̀ lọ kó sì padà wá. Lórí Mac, Audio MIDI Setup ni kó o ṣí. Ọ̀pọ̀ kíbọ́ọ̀dù kékeré kò nílò driver. Àwọn ńlá àti àwọn tó ti pẹ́ lè nílò rẹ̀, orí íntánẹ́ẹ̀tì ilé-iṣẹ́ tó ṣe é gan-an ni kó o ti gbà á.

Orúkọ rẹ̀ wà níbẹ̀ lóòótọ́. Kí ló wá dé tí FL Studio, sọ́fítíwíà tí mo fi ń ṣe orin, kò gbọ́?

Kíbọ́ọ̀dù ló yẹ kó o kọ́kọ́ so, kó o tó ṣí FL, torí àwọn sọ́fítíwíà mìíràn kì í wo ẹni tó bá dé lẹ́yìn wọn. Tẹ F10, lọ sí MIDI, wá orúkọ kíbọ́ọ̀dù lábẹ́ Input, tẹ̀ ẹ́, kó o sì tan Enable. Ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń rí orúkọ náà níbẹ̀, wọ́n á rò pé ó ti tán, wọn ò ní tan Enable.

Ti àbúrò yìí kò parí síbẹ̀. A tan Enable, kò gbà. A pa FL, a tún un ṣí, kò gbà. Mo wá wo ìsàlẹ̀ ojú láptọ́ọ̀pù rẹ̀, níbi tí àwọn àmì ohun tó wà ní ṣíṣí máa ń tò sí. Àmì dùùrù kékeré kan wà láàárín wọn. Ó ní sọ́fítíwíà tí òun fi ń kọ́ dùùrù ni, pé òun kì í pa á rárá, á kàn sún un sápá kan. Òun ló jókòó sójú ọ̀nà! Lórí ọ̀pọ̀ láptọ́ọ̀pù Windows tó wà lọ́wọ́ wa, sọ́fítíwíà kan ṣoṣo ló lè di ojú MIDI kan mú lẹ́ẹ̀kan náà; èyí tó bá kọ́kọ́ dé ló ni ín. A pa á, a tún FL ṣí. Mo ní kó tẹ kíì kan. Iná kékeré tó ń fi MIDI hàn lókè FL ṣẹ́jú. Ó tún tẹ̀ ẹ́, ó tún ṣẹ́jú. Ó wo ojú mi, kò lè sọ̀rọ̀.

Iná ń ṣẹ́jú, ẹ̀gbọ́n, ṣùgbọ́n kò tíì dún.

Àrokò ti dé, kò sí ẹni tó ń kà á ni. Gbé ohun èlò orin sínú Channel rack, ibi tí FL ń to ohun èlò sí. FL Keys tó bá FL wá ti tó láti fi dán an wò. Rí i pé òun lo yàn, torí èyí tó o bá yàn ni kíbọ́ọ̀dù ń bá sọ̀rọ̀. Nínú Cubase àti Reaper, tí àwọn náà jẹ́ sọ́fítíwíà orin, o gbọ́dọ̀ tan àmì ìgbohùnsílẹ̀ tàbí monitor lórí track náà. Tí kò bá tíì dún, wo ṣánẹ́ẹ̀lì: mẹ́rìndínlógún ni MIDI ní, bí kíbọ́ọ̀dù bá ń sọ̀rọ̀ lórí 2 tí ohun èlò ń tẹ́tí sí 1 nìkan, wọn ò ní pàdé.

Ó ti ń dún o! Ṣùgbọ́n mo máa tẹ̀ ẹ́ kó tó dún.

Èyí ló ń sú àwọn tó ń tẹ kíbọ́ọ̀dù jù, ó sì tọ́ kó sú wọn. Bí omele bá ń fi ìwọ̀nba bẹ́ẹ̀ pẹ́ lẹ́yìn, ìyáàlù á ti yíjú wò ó.

Kọ̀ǹpútà kì í da ohùn sínú sípíkà ní ẹ̀kán kọ̀ọ̀kan. Inú korobá ló ń pọn ọ́n sí, ìgbà tí korobá bá kún ló ń dà á. Korobá yẹn ni buffer. Ẹ̀kán 44,100 ló ń sun láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, nítorí náà korobá tó gba 1,024 máa lo nǹkan bí ìdá 23 nínú 1,000 ti ìṣẹ́jú àáyá kan kó tó kún. Èyí tó gba 256 kò lò tó ìdá 6. Láti ọdọ̀ driver tó bá Windows wá, ìdádúró náà tún máa ń pọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Padà sí F10, lọ sí Audio, yan FL Studio ASIO tàbí ASIO4ALL, àwọn driver ohùn tó yára jù ú lọ, kó o wá fa buffer wálẹ̀ dé 256. Bí ó bá ń ta pàpàpà létí rẹ, láptọ́ọ̀pù rẹ kò yára tó láti pọn ọ́n. Gbé e padà sókè díẹ̀.

Kó o sì bọ́ ẹ́ẹ̀fóònù Bluetooth yẹn kúrò létí. Kò sí buffer tó lè gbà ọ́ lọ́wọ́ ìdádúró tirẹ̀. Oníwáyà ni kó o lò.

Kíbọ́ọ̀dù àtijọ́ tó wà ní ṣọ́ọ̀ṣì wa kò ní USB, ihò róbótó méjì ló wà lẹ́yìn rẹ̀. Ṣé a lè lò ó?

Ẹ lè lò ó dáadáa. Kó tó di 1983, ẹ̀rọ ilé-iṣẹ́ kan kì í sábà gbọ́ èdè ti òmíràn. Ikutaro Kakehashi tó dá Roland sílẹ̀ ní Jàpáànù àti Dave Smith ti Sequential Circuits ní Amẹ́ríkà wà lára àwọn tó ṣaájú nínú pípa èdè wọn pọ̀ di MIDI. Ní oṣù kìíní ọdún 1983, níbi ìpàtẹ ohun èlò orin NAMM ní California, wọ́n so kíbọ́ọ̀dù Prophet-600 ti Sequential mọ́ Jupiter-6 ti Roland; wọ́n tẹ ọ̀kan, èkejì dún. Èdè yẹn náà ni kíbọ́ọ̀dù ṣọ́ọ̀ṣì yín ń sọ.

Ra wáyà tí ojú kan rẹ̀ jẹ́ USB, tí ìkejì jẹ́ róbótó méjì. Ẹnu ni OUT, etí ni IN: OUT kíbọ́ọ̀dù ló ń lọ sí IN kọ̀ǹpútà. Àmì tí wọ́n kọ sára àwọn wáyà yìí máa ń da ènìyàn rú. Tí kò bá gbọ́, pààrọ̀ wọn, nǹkan kan ò ní jóná. Bí o bá wá ń gbọ́ ohùn méjì lẹ́ẹ̀kan náà, ti kíbọ́ọ̀dù fúnra rẹ̀ àti ti kọ̀ǹpútà, wá Local Control nínú kíbọ́ọ̀dù náà, kó o pa á.

Ìgbà mìíràn, ohùn kan á máa dún lọ, kò ní dákẹ́.

Àrokò tó ń sọ pé ọwọ́ ti kúrò lórí kíì ni kò dé. Tẹ Ctrl àti H nínú FL, gbogbo rẹ̀ á dákẹ́. Bó bá ń ṣẹlẹ̀ léraléra, wo pẹ́dáàlì rẹ: bí ẹsẹ̀ rẹ bá wà lórí rẹ̀ nígbà tí o tan kíbọ́ọ̀dù, ọ̀pọ̀ kíbọ́ọ̀dù á gbà pé bó ṣe máa ń wà nìyẹn, wọ́n á sì máa ka iṣẹ́ rẹ̀ sódì. Pa kíbọ́ọ̀dù, gbé ẹsẹ̀ kúrò, kó o tún un tàn.