Olùdámọ̀ràn Ayurveda Kì í Ṣe Dókítà: Ohun Tí Ẹ Lè Retí Lọ́dọ̀ Wa

"Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ lè bá mi wo ẹ̀jẹ̀ ríru yìí, kí n lè jáwọ́ nínú òògùn òyìnbó?" Ìbéèrè yìí ni mo máa ń gbọ́ jù lẹ́nu àwọn èèyàn wa níbí ní Kalifọ́níà. Rárá ni ìdáhùn mi. Ẹni tó bá sì ní òun lè ṣe é, ẹ má fún un ní kọ́bọ̀.

Ayurveda ni ìṣègùn ìbílẹ̀ àwọn ará Íńdíà. Lọ́dọ̀ wọn níbẹ̀, ìjọba kà á sí iṣẹ́ ìṣègùn. Ọdún márùn-ún àbọ̀ ni akẹ́kọ̀ọ́ fi ń gba BAMS, oyè yunifásítì nínú Ayurveda, ọdún kan nínú rẹ̀ sì jẹ́ ti iṣẹ́ ní ilé ìwòsàn. Ní Amẹ́ríkà, kò sí ìpínlẹ̀ tó ń fún èèyàn ní ìwé àṣẹ láti fi Ayurveda ṣe ìṣègùn. Ẹgbẹ́ àwa tá a ń ṣe iṣẹ́ yìí, NAMA, ló pín wa sí ipele mẹ́ta. Ipele olùdámọ̀ràn ìlera ló wà nísàlẹ̀ pátápátá, ẹ̀kọ́ rẹ̀ kò sì gbọdọ̀ dín ní wákàtí 600. Oúnjẹ, oorun, ìgbẹ́ àti bí èèyàn ṣe ń lo ọjọ́ rẹ̀ ni iṣẹ́ tiwa.

Òfin Kalifọ́níà kan tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2003 gbà wá láyè láti ṣe é, ṣùgbọ́n a gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fún oníbàárà ní ìwé tó sọ pé a kì í ṣe dókítà, pé ìpínlẹ̀ kò fún wa ní ìwé àṣẹ, àti irú ẹ̀kọ́ tá a kọ́. Oníbàárà á wá buwọ́ lù ú. Òfin yìí kan náà ni kò gbà wá láyè láti sọ fún ẹnikẹ́ni pé kó dáwọ́ òògùn tí dókítà kọ fún un dúró. Bí ẹ bá jókòó síwájú ẹni tí kò mú ìwé yẹn jáde, ẹ béèrè rẹ̀.

Ìjókòó àkọ́kọ́ lọ́dọ̀ mi máa ń ju wákàtí kan lọ, ìbéèrè ló sì pọ̀ jù níbẹ̀. Aago mélòó lẹ jẹun lálẹ́ àná? Ṣé ebi ń pa yín ni, àbí ẹ kàn rí i pé àkókò ti tó? Ṣé ojoojúmọ́ lẹ ń yàgbẹ́, ṣé ó máa ń le? Ojú máa ń ti àwọn míì láti dáhùn èyí, bẹ́ẹ̀ òun ló ń là mí lóye jù. Lẹ́yìn náà, màá ní kí ẹ yọ ahọ́n. Bí ohun funfun kan bá nípọn bo ẹ̀yìn rẹ̀ láàárọ̀, tí ojú eyín sì hàn létí rẹ̀, ẹ̀kọ́ wa sọ pé iná inú, ìyẹn agni, ti lọ sílẹ̀, oúnjẹ kò sì dà dáadáa.

Ẹ̀kọ́ yìí pín ìṣẹ̀dá ara sí vata, pitta àti kapha. Ara ẹni tí vata pọ̀ lára rẹ̀ máa ń gbẹ, òtútù tètè ń mú un, oorun rẹ̀ kì í wọra. Ara onípitta máa ń gbóná, kì í sì lè fara da ebi. Ara oníkapha máa ń wúwo. Kò sí ilé àyẹ̀wò tó lè fi ẹ̀jẹ̀ yín wọn àwọn nǹkan wọ̀nyí, mi ò sì ní tàn yín pé ó wà. Ohun tí mo fi ń ṣe ni pé ó ń jẹ́ kí n mọ ibi tó yẹ kí n ti bẹ̀rẹ̀.

Ibi tí iṣẹ́ yìí ti dùn mọ́ mi jù ni ibi tí ìlànà àtijọ́ ti pàdé ayé ìlú òyìnbó. Ìlànà ní kí èèyàn jí kílẹ̀ tó mọ́, kó sì jẹ oúnjẹ tó pọ̀ jù lọ́sàn-án gangan. Kí ni kí n wá sọ fún nọ́ọ̀sì tó ń wọṣẹ́ ní aago méje alẹ́? Ọ̀pọ̀ wọn ló ń gbé abọ́ ìrẹsì sínú máíkíròwéfù ní aago méjì òru, tí wọ́n á fi omi dídì lé e, tí inú wọn á wú títí ilẹ̀ á fi mọ́. Bí wọ́n bá délé, oorun kò ní yá. Mi ò ní sọ pé kí wọ́n fiṣẹ́ sílẹ̀. Mo máa ń ní kí wọ́n jẹ oúnjẹ gidi ní aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ kí wọ́n tó jáde, kí ti òru sì jẹ́ ọbẹ̀ olómi tó gbóná nínú fúláàsì, pẹ̀lú omi atalẹ̀. Oúnjẹ nìkan la ó kọ́kọ́ tún ṣe. Ó di ọ̀sẹ̀ kejì kí n tó fi òróró yànmọ̀tí tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ kún un, kí wọ́n máa fi pa àtẹ́lẹsẹ̀ kí wọ́n tó sùn. Ẹni tá a bá di ìmọ̀ràn mẹ́wàá lé lórí lọ́jọ́ kan ṣoṣo kò ní ṣe ọ̀kan.

Èyí tó ń bà mí lẹ́rù ni ìyẹ̀fun àti kápúsù. Ní 2004, dókítà Robert Saper àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé èsì jáde nínú ìwé ìròyìn ìṣègùn JAMA. Wọ́n ra oríṣi òògùn Ayurveda 70 ní àwọn ṣọ́ọ̀bù agbègbè Boston, wọ́n sì bá òjé, mẹ́kúrì tàbí arsenic, àwọn nǹkan olóró, nínú 14. Kì í ṣe gbogbo ìgbà ló jẹ́ pé ó ṣèèṣì bọ́ sí i o: ẹ̀ka kan wà nínú Ayurveda, rasa shastra, tí wọ́n ń mọ̀ọ́mọ̀ po irin mọ́ egbòogi. Òjé ń ba ọpọlọ ọmọdé jẹ́. Bẹ́ẹ̀, láti ìgbà òfin 1994, àwọn tó ń ṣe àfikún oúnjẹ, irú bíi kápúsù wọ̀nyí, ní Amẹ́ríkà kò nílò àṣẹ FDA, àjọ tó ń bójú tó oúnjẹ àti òògùn, kí wọ́n tó gbé e sórí àtẹ.

Àwa tí wọ́n fi àgbo tọ́ máa ń tètè sọ pé ewé ni, kò lè pani lára. Atalẹ̀ pupa inú ọbẹ̀ kò ní wàhálà, àmọ́ kápúsù rẹ̀ tó lágbára lè mú kí ẹ̀jẹ̀ máa dà lára ẹni tó ń lo warfarin, òògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì. Mulethi, gbòǹgbò dídùn tí wọ́n ń rẹ sínú tíì, lè gbé ẹ̀jẹ̀ ríru sókè. Ashwagandha, egbòogi Íńdíà kan tí gbogbo ayé ń rà báyìí nítorí àìróorunsùn, ti ṣe àwọn kan ní jàǹbá lẹ́dọ̀, kò sì yẹ fún aláboyún. Nítorí náà, bí ẹ bá ń bọ̀ lọ́dọ̀ mi, ẹ kó gbogbo ohun tí ẹ ń lò sínú ọ̀rá kan, ti dókítà, ti ṣọ́ọ̀bù, àti àgbo tí wọ́n fi ránṣẹ́ láti ilé. Ẹ jẹ́ kí dókítà yín náà rí ọ̀rá yẹn.

Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń yàgbẹ́ ẹlẹ́jẹ̀, tàbí tó ń rù láìmọ ìdí, tàbí tí àyà ń dùn, kó má wulẹ̀ wá jókòó lọ́dọ̀ mi. Ilé ìwòsàn ni kó kọ́kọ́ lọ. Bí wọ́n bá ti yẹ̀ ẹ́ wò tán, ká wá jọ sọ̀rọ̀ oúnjẹ.