Debridement: kí ni nọ́ọ̀sì ń gé lójú egbò?

Ní Kubwa níbí, rọpárọsẹ̀ dá bàbá ìyàwó mi dùbúlẹ̀, kò sì pẹ́ tí egbò fi yọ sí wọn lókè ìdí. Lọ́jọ́ tí nọ́ọ̀sì tó ń wẹ egbò kiri ilé kọ́kọ́ gbé báàgì rẹ̀ dé, ó ní "Sannu, Baba," ó fọwọ́, ó wọ ìbọ̀wọ́, ó sì yọ abẹ kékeré kan jáde. Ìyá ìyàwó mi pariwo: "Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ tún fẹ́ fi kún un ni?"

Ohun tó fẹ́ ṣe ni wọ́n ń pè ní debridement, ìyẹn ni kíkó ẹran tó ti kú kúrò lójú egbò. Ẹran òkú yìí lè dúdú kó le bí awọ bàtà, ó sì lè pupa rúsúrúsú kó máa fà. Inú rẹ̀ ni kòkòrò àìsàn ń fi ṣelé. Kì í jẹ́ kí ẹran tuntun ráyè hù, bẹ́ẹ̀ ni kò jẹ́ kéèyàn mọ bí egbò ṣe jìn tó. Ẹran tó ti kú kì í mọ ìrora. Èyí tó yí i ká ló ń mọ̀ ọ́n. Ìdí nìyẹn tí nọ́ọ̀sì fi kọ́kọ́ fún Bàbá ní oògùn ìrora, tó sì ń rọra gé e.

Kì í ṣe abẹ nìkan ni wọ́n fi ń ṣe é. Wọ́n lè fi jẹ́lì sí i, kí wọ́n bò ó, kí ara fúnra rẹ̀ yọ́ òkú ẹran náà. (Ìdin tí wọ́n sìn ní mímọ́ náà wà tí wọ́n ń lò nílẹ̀ òkèèrè. Mi ò jẹ́ sọ ìyẹn létí Ìyá.) Ní 1962, olùwádìí kan tó ń jẹ́ George Winter fi ẹlẹ́dẹ̀ dán an wò, ó rí i pé ojú egbò tí wọ́n bò tó sì tutù díẹ̀ tètè ń bo awọ ju èyí tí wọ́n ṣí sílẹ̀ tó gbẹ lọ. "Ẹ ṣí i kí atẹ́gùn fẹ́ sí i" tá a máa ń sọ, àgàgà nígbà ọyẹ́, kò dáa tó bẹ́ẹ̀. Sípíríìtì náà máa ń pa ẹran tuntun.

Àmọ́ kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ni wọ́n ń gé. Tí òkú ẹran tó wà ní gìgísẹ̀ bá dúdú, tó gbẹ, tó le, tí kò rùn, tí kò sì wú, wọ́n sábà máa ń fi í sílẹ̀, torí ìdérí ló jẹ́. Ẹsẹ̀ tí ẹ̀jẹ̀ kì í dé dáadáa, bíi ti ọ̀pọ̀ alátọ̀gbẹ, ẹ má fi bíléèdì kàn án nílé láé.

Ìwúwo ara tó ń tẹ ibì kan pa ló kúkú bí egbò yìí. Tí Bàbá bá tún sùn lé e, iṣẹ́ òfo ni abẹ. Wákàtí méjì-méjì la fi ń yí wọn, a sì máa ń fi ìrọ̀rí sí wọn lẹ́yìn. Fóònù ìyàwó mi ló ń dún lóru.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì, iná lọ bí nọ́ọ̀sì ṣe ń tú bándéèjì. Ó tan tọ́ọ̀ṣì sí ojú egbò, ó ní kí Ìyá wá wo bó ṣe pọ́n, tó ní kóro wẹ́wẹ́. Ẹran tuntun nìyẹn. Wọ́n wò ó títí, wọ́n ní ó jọ ẹyin ẹja.