Laptop ní dígírì 10, kí ló dé tí ẹ́ńjìnnì ń ró kọ̀kọ̀kọ̀?

Àbúrò mi kan l'Ábẹ́òkúta yọ brain box (kọ̀ǹpútà tó ń darí ẹ́ńjìnnì) Corolla àtijọ́ rẹ̀, ó fi èyí tí wọ́n ń fi laptop tò rọ́pò rẹ̀. Láti ìgbà náà, tó bá kó èrò gun òkè, ẹ́ńjìnnì á máa ró bí òkúta wẹ́wẹ́ nínú agolo. Ìbéèrè rẹ̀ nìyí.

Ẹ̀gbọ́n, kí ni táímìn gan-an?

Ìgbà tí plug ń ṣáná ni. Epo kì í jó tán lẹ́ẹ̀kan náà bí ẹ̀tù; iná ń ràn díẹ̀díẹ̀ ni. Nítorí náà plug gbọ́dọ̀ ṣáná kí písítìn, irin tó ń lọ sókè sódò nínú sìlíńdà, tó dé òkè, kí agbára iná lè dé góńgó nígbà tí písítìn bá ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá òkè, bíi dígírì 15. "Dígírì 10" ni pé ó ku dígírì 10 kí kíráǹkì, ọ̀pá tó ń yí lábẹ́ písítìn, gbé e dókè nígbà tí plug ṣáná.

Kí ló dé tí nọ́ńbà ń pọ̀ sí i tí mo bá tẹná?

Ìyàwó tó wà ní Aké kì í dúró kí ọkọ wọlé kó tó gbé omi láfún kaná. Tí ọkọ bá ń fẹsẹ̀ rìn bọ̀, ó lè dé Sápọ́n nítòsí ná. Tó bá gun ọ̀kadà, ó ṣì wà ní Láfẹ́nwá lókèèrè tí omi ti gbọ́dọ̀ wà lórí iná. Àsìkò tí láfún ń gbà kò yí padà; ọkọ ló yára. Láfún ni iná inú ẹ́ńjìnnì, ọkọ ni písítìn. Bí ẹ́ńjìnnì bá ń yí nígbà 1,000 ní ìṣẹ́jú kan, dígírì 6 ni kíráǹkì ń rìn láàárín ìdá kan nínú 1,000 ìṣẹ́jú àáyá. Ní 3,000, ó di 18.

Ti ẹrù yàtọ̀ o. Tí afẹ́fẹ́ àti epo bá kún inú sìlíńdà fọ́fọ́, iná ń yára ràn, a sì ń dín dígírì kù.

Rìwáyà ní 10 ló wà lójú laptop. Kí ló wá ń ró?

Ohun tí laptop rò ló ń sọ. Bí wọn ò bá fi ibi tí òkè písítìn wà gan-an hàn án, gbogbo nọ́ńbà tó ń kà ló yẹ̀. Dìsìtíríbútọ̀ lásán, èyí tó ń pín iná fún àwọn plug, tó bá yí díẹ̀, laptop ò ní mọ̀.

Mo lọ bá a lọ́jọ́ Sátidé. A ti táímìn mọ́ 10 nínú laptop kó má baà sún, a kan iná táímìn (tó ń ṣẹ́jú nígbàkígbà tí plug bá ṣáná) mọ́ wáyà plug kìíní, mo fi ṣọ́ọ̀kì kun ojú àmì ara púlì. A tan iná sí i: àmì náà dúró sí nǹkan bí 18! Dígírì 8 ti wà nílẹ̀ kí laptop tó fi tirẹ̀ kún un. Plug ń tètè ṣáná jù, ìyẹn ló ń mú un ró. A tún un ṣe títí àmì fi bọ́ sórí 10, a tún tẹná dé 3,000 láti rí i pé kò sún.

Ṣé mi ò kàn lè dín gbogbo rẹ̀ kù?

Rárá. Iná tó bá pẹ́ jù á máa jó lọ sínú sàlẹ́ńsà: ooru á pọ̀, mọ́tò á máa wọ́, á sì máa mu epo. Tó bá tún ró, yọ dígírì 2 níbi ẹrù wúwo nìkan, kó o tún gun òkè yẹn wò.