Agolo tó di Chemical X: bí The Powerpuff Girls ṣe yí padà kó tó dé orí tẹlifíṣọ̀n

Ẹni tó bá ti wo kàtúùnù The Powerpuff Girls rí mọ bí wọ́n ṣe dá àwọn ọmọ náà. Ọ̀jọ̀gbọ́n Utonium da ṣúgà sínú ìkòkò, ó fi èròjà olóòórùn dídùn sí i, ó kó oríṣiríṣi ohun rere mọ́ ọn, ó fẹ́ fi wọ́n dá ọmọbìnrin tí kò lábùkù. Ìgò kan ṣèèṣì fọ́, oògùn dúdú inú rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Chemical X dà sínú ìkòkò, gbogbo rẹ̀ bú gbàmù, ni Blossom, Bubbles àti Buttercup bá jáde, àwọn ọmọ kékeré mẹ́ta tí wọ́n ń fò lójú ọ̀run tí wọ́n sì lè fi ẹ̀ṣẹ́ kan wó ilé.

Àmọ́ kì í ṣe Chemical X ló wà nínú ìtàn náà níbẹ̀rẹ̀. Agolo ni. Ohun tí wọ́n kọ sára agolo yẹn kò sì ṣeé kà sókè lórí tẹlifíṣọ̀n ọmọdé. Ìrìn àjò láti orí agolo dé orí ìgò gba nǹkan bí ọdún méje, a sì lè tibẹ̀ rí bí àbá kàtúùnù ṣe ń di eré tí gbogbo ayé mọ̀.

Ọdún 1991 ló bẹ̀rẹ̀. Craig McCracken ń kọ́ iṣẹ́ kàtúùnù nígbà náà ní ilé-ẹ̀kọ́ CalArts ní Califóníà. Ó fẹ́ fún ọmọ ìyá rẹ̀ ọkùnrin ní káàdì ọjọ́ ìbí, ló bá ya ọmọbìnrin mẹ́ta sórí pépà kékeré kan. Orí wọn tóbi, ojú wọn tóbi jù bẹ́ẹ̀ lọ, wọn kò ní ìka ọwọ́, ẹsẹ̀ wọn kò ju kùkùté lọ. Ojú ńláńlá yẹn jọ ti àwọn ọmọ tí obìnrin ayàwòrán kan, Margaret Keane, máa ń yà, àwọn àwòrán tó gbajúmọ̀ gan-an ní Amẹ́ríkà ní nǹkan bí ọdún 1960 sí 1969. McCracken kò fi gbèsè náà pamọ́: nígbà tí eré náà délẹ̀, Ms. Keane ni orúkọ tí wọ́n fún olùkọ́ àwọn ọmọ náà.

Ní ọdún 1992, ó fi àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ṣe fíìmù kékeré kan fún ilé-ẹ̀kọ́. Whoopass Stew ló pè é, àwọn ọmọ náà sì ń jẹ́ Whoopass Girls. Ọ̀rọ̀ ìgboro Amẹ́ríkà ni whoopass. Bí ẹnì kan bá ní òun máa ṣí agolo whoopass fún ọ, ohun tó ń sọ ni pé òun máa lù ọ́ lálùbolẹ̀. Ìdí ènìyàn sì wà nínú ọ̀rọ̀ náà, lọ́nà tí òbí kì í fẹ́ gbọ́ lẹ́nu ọmọ. Orin ọmọdé àtijọ́ kan wà lédè Gẹ̀ẹ́sì tó ní ṣúgà, èròjà olóòórùn dídùn àti gbogbo ohun rere ni wọ́n fi mọ ọmọbìnrin. McCracken mú orin yẹn, ó ṣí agolo ìyà sí i, ohun tó jáde ni ọmọ tó rẹwà bí ọmọ-láńgidi tó sì ń lu ọ̀daràn bíi kíkú bíi yíyè. Bí abẹ́rẹ́ ṣe kéré tó, kì í ṣe mímì fún adìẹ. Gbogbo àbá náà kò ju ìyẹn lọ.

Fún fíìmù akẹ́kọ̀ọ́, ó tó. Ní ọdún 1994, wọ́n fi í hàn níbi àjọ̀dún Spike and Mike, níbi tí àwọn àgbà ti máa ń lọ wo kàtúùnù tí kò yẹ kí ọmọdé rí. Orúkọ rẹ̀ kò bí ẹnikẹ́ni nínú níbẹ̀ rárá. Ibi tó ń lọ gan-an ni orúkọ náà kò ti ní wọlé.

Ó yẹ ká mọ irú ilé tí àbá náà fẹ́ wọ̀. Ní ọdún 1991, Turner, ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n Amẹ́ríkà kan, ra Hanna-Barbera, ilé-iṣẹ́ tó ṣe The Flintstones àti Scooby-Doo. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ó dá Cartoon Network sílẹ̀ láti máa fi àwọn kàtúùnù tó ti wà nínú àká hàn tọ̀sán-tòru. Ohun àtijọ́ nìkan kò lè gbé ìkànnì tẹlifíṣọ̀n ró títí, wọ́n nílò tuntun. Ṣùgbọ́n kàtúùnù wọ́n. Bí ilé-iṣẹ́ bá fi owó sí odindi sáà kan, tí àwọn ọmọ kò sì fẹ́ràn rẹ̀, owó náà ti wọgbó.

Fred Seibert tó ń darí Hanna-Barbera nígbà náà wá ọ̀nà mìíràn. Dípò kí ilé-iṣẹ́ máa yan àbá kan kó sì fi gbogbo owó lé e lórí, yóò ṣe eré kéékèèké 48, ìṣẹ́jú 7 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan, kálukú pẹ̀lú ayàwòrán tó ni ín. Wọ́n pè é ní What a Cartoon!. Ẹni tó ní àbá kò níí gbé ìwé gígùn wá. Àwòrán ni yóò tò sára ògiri lẹ́sẹẹsẹ, yóò dúró níwájú wọn, yóò sì máa sọ ìtàn náà bó ṣe ń nawọ́ sí wọn, pẹ̀lú ohùn, pẹ̀lú ariwo, pẹ̀lú ìṣe. Bí wọ́n bá gbà á, wọn yóò ṣe ìṣẹ́jú 7 yẹn, wọn yóò fi hàn lórí tẹlifíṣọ̀n, wọn yóò wá wo èyí tí àwọn òǹwòran ń béèrè fún. Ọ̀nà yìí dáa gan-an, torí ó jẹ́ kí ayàwòrán tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ lè fi ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ han gbogbo ènìyàn, kì í ṣe ọ̀gá mẹ́ta nínú yàrá kan nìkan. McCracken ti wà nílé-iṣẹ́ náà tẹ́lẹ̀, òun ló ń darí iṣẹ́ ọnà lórí 2 Stupid Dogs, nítorí náà kò jìnnà sí ẹnu ọ̀nà.

Wọ́n gba àwọn ọmọ náà wọlé. Wọn kò gba orúkọ wọn. Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ, ilé yìí sì kún fún ọmọ ọdún mẹ́fà àti òbí wọn. Báyìí ni Whoopass Girls ṣe di Powerpuff Girls, orúkọ tó fi agbára àti ohun múlọ́múlọ́ sínú ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo. Bí a bá fi méjèèjì wéra, èyí tí wọ́n fi tipá yàn ló bá àbá náà mu jù: whoopass ń sọ nípa ìjà nìkan, powerpuff sọ nípa ìjà àti nípa ẹni tó ń jà.

Eré kékeré àkọ́kọ́, Meat Fuzzy Lumkins, jáde ní ọjọ́ 20, oṣù Kejì, ọdún 1995. Ará oko onírun kan ló gbé jáàmù ẹran lọ síbi ìdíje jáàmù ní Townsville, ìlú tí àwọn ọmọ náà ń gbé, wọn kò fún un ní ẹ̀bùn, ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìbọn sọ gbogbo ìlú di ẹran. Nígbà tí wọ́n fi hàn fún àwọn ọmọkùnrin kan láti gbọ́ èrò wọn, wọn kò fẹ́ràn rẹ̀ rárá. Irú ìdánwò báyìí ló ń pa ọ̀pọ̀ àbá. Ohun tí àwọn ilé-iṣẹ́ kan máa ń ṣe lẹ́yìn rẹ̀ ni kí wọ́n fi ọmọkùnrin kan kún wọn, tàbí kí wọ́n fi ọdún kún ọjọ́ orí àwọn ọmọ náà, tàbí kí wọ́n dín ìjà kù. Kò sí ọ̀kankan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tó ṣẹlẹ̀ níbí. Wọ́n fi sùúrù ṣe é: Dexter's Laboratory, tí Genndy Tartakovsky, ọ̀rẹ́ McCracken láti CalArts, dá sílẹ̀ ló kọ́kọ́ di eré gígùn ní ọdún 1996. McCracken lọ bá a ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Lọ́dún yẹn kan náà, Powerpuff Girls tún ṣe eré kékeré kejì, Crime 101, níbi tí àwọn Amoeba Boys ti ń wá bí wọ́n ṣe máa di ọ̀daràn gidi. Àwọn Amoeba Boys yìí ti wà láti inú fíìmù akẹ́kọ̀ọ́ ọdún 1992.

Ìdúródè yìí yí nǹkan kan padà tí ẹnikẹ́ni kò gbèrò, ìyẹn ohùn. Ernie Anderson ló ń sọ ìtàn nínú àwọn eré kékeré náà, ọkùnrin tó ní ohùn jíjinlẹ̀ tí gbogbo Amẹ́ríkà mọ̀ lórí tẹlifíṣọ̀n. Ó kú ní ọdún 1997, Tom Kenny ló sì gba iṣẹ́ náà. Kath Soucie ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ fún Bubbles. Nígbà tí eré gígùn bẹ̀rẹ̀, ó ti bọ́ sọ́wọ́ Tara Strong. Cathy Cavadini àti E.G. Daily kò kúrò lórí Blossom àti Buttercup.

Ní ọjọ́ 18, oṣù Kọkànlá, ọdún 1998, eré gígùn dé. Ibí ni a ti lè rí ohun tí pípàdánù agolo yẹn fi jíǹkí ìtàn náà.

Ẹ̀fẹ̀ ni agolo whoopass. Téèyàn bá ti rẹ́rìn-ín sí i lẹ́ẹ̀kan, ó tán, kò sí ìbéèrè mìíràn tó lè bí. Chemical X yàtọ̀ sí i. Kí ni? Ta ló tún ní i? Bí ìgò ṣe fọ́ ńkọ́, ta ló fọ́ ọ? Àwọn òǹkọ̀wé bẹ̀rẹ̀ sí í dáhùn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Nínú Mr. Mojo's Rising, ọ̀kan nínú àwọn eré náà, ni a ti gbọ́ pé Mojo Jojo, ọ̀bọ ọlọ́gbọ́n àrékérekè tó máa ń dà wọ́n láàmù, ti jẹ́ ẹran ọ̀sìn Ọ̀jọ̀gbọ́n tẹ́lẹ̀, pé òun gan-an ló fa jàǹbá tó bí àwọn ọmọ náà, àti pé oògùn yẹn kan náà ló fún un lọ́gbọ́n. Ọ̀tá wọn wá di ẹni tí wọ́n jọ ti inú ìkòkò kan jáde. Orí agolo ìyà kò lè gbé irú ìtàn yẹn láéláé.

Kò parí síbẹ̀. Orin ọmọdé yẹn ní apá tirẹ̀ fún àwọn ọmọkùnrin: ìgbín àti ìrù ọmọ ajá ni ó ní wọ́n fi mọ wọ́n. Mojo Jojo kó wọn jọ nínú ẹ̀wọ̀n, ó wá omi ṣáláńgá ẹ̀wọ̀n tí yóò fi dípò Chemical X, ó sì dá àwọn Rowdyruff Boys láti bá àwọn ọmọbìnrin náà jà. Ní ìgbà mìíràn, iṣẹ́ pọ̀ lọ́wọ́ àwọn ọmọ náà, wọ́n fẹ́ dá arábìnrin kẹrin tí yóò máa ràn wọ́n lọ́wọ́, wọ́n sì fi ohun mìíràn sí ibi tí ṣúgà àti èròjà yẹ kó wà. Bunny ni wọ́n sọ ọ́. Ó ní ọkàn rere, àmọ́ bí wọ́n ṣe pò ó kò dáa, kò sì dúró. Bí a bá wo eré yẹn dáadáa, ìbànújẹ́ tó wà nínú rẹ̀ kò kéré. Fíìmù sinimá ọdún 2002 náà, orí Chemical X ló dúró lé.

Ohun kejì tó yí padà ni ìwà. Fíìmù ìṣẹ́jú díẹ̀ kò nílò kí ọmọ mẹ́ta yàtọ̀ síra ju àwọ̀ aṣọ àti irun lọ. Eré 78 nílò rẹ̀ púpọ̀. Buttercup, tí McCracken ti fẹ́ sọ ní Bud kí ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tó dábàá orúkọ òdòdó, di ẹni tí ìjà máa ń yá lára ju ọ̀rọ̀ lọ. Blossom di olórí, pẹ̀lú ẹ̀mí àkọ́bí tó gbà pé òun nìkan ló mọ̀ ọ́n ṣe. Bubbles ni iṣẹ́ rẹ̀ nira jù. Ọmọ jẹ́jẹ́ ni, ó rọrùn láti fi í ṣe ẹlẹ́kún, kó sì dúró síbẹ̀. Wọ́n kò jẹ́ kó dúró síbẹ̀: nínú Bubblevicious, pípè tí wọ́n ń pè é ní ọmọ ọwọ́ sú u, ó sì fi han gbogbo ìlú, ẹni ibi àti ẹni ire pa pọ̀, pé inú rere kì í ṣe àìlágbára.

Nípa bí nǹkan ṣe rí lójú, Townsville gan-an ló yí padà jù. Ìlú náà di ilé onígun mẹ́rin pẹlẹbẹ àti àwọ̀ tó mọ́, irú èyí tí àwọn ayàwòrán Amẹ́ríkà fẹ́ràn láàárín 1950 sí 1959, kí àwọn ọmọ olórí rìbìtì náà lè yọ kedere níwájú rẹ̀. Ìlà tí kò pọ̀ yìí wúlò lọ́nà mìíràn: ilé-iṣẹ́ Rough Draft ní Kòríà ló ń ya àwọn àwòrán tó ń rìn, bí ìlà bá sì ṣe kéré tó ni ọ̀pọ̀ ọwọ́ ṣe lè yà á láì ba ìrísí rẹ̀ jẹ́.

Ní ọjọ́ 25, oṣù Kẹta, ọdún 2005, eré tó gbẹ̀yìn jáde. Àwọn ọmọ náà ti ní orúkọ mìíràn, ìpilẹ̀ṣẹ̀ mìíràn, ọ̀tá púpọ̀ àti ilé-ẹ̀kọ́ tí wọ́n ń lọ. Síbẹ̀, wọn kò ní ìka lọ́wọ́, gẹ́gẹ́ bí wọn kò ṣe ní in lórí káàdì ọjọ́ ìbí yẹn.