Pọ́ìntì 8 Lè Ju 14 Lọ: Kí Ni Wọ́n Ń Pè Ní “Per 36”?

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ Sátidé kan ní Rowe Park, ní Yaba, níbi eré bọ́ọ̀lù àjùsáwọ̀n àwọn ọmọdé, mo bá bàbá kan tí wọ́n ń yẹ ìwé kóòṣì wò, èyí tó fi pẹ́ńsù fa igi-igi sí. Ọmọ tiwọn ju pọ́ìntì 8 sáwọ̀n. Ọmọ kejì, tí wọ́n jọ ń du ipò kan náà, ju 14. Ara bàbá ti rọ. Mo ní, “Ẹ jọ̀ọ́ sà, ìṣẹ́jú mélòó ni ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn lò lórí pápá?” A wo ẹ̀gbẹ́ ìwé náà: ọmọ tiwọn lo 10, èkejì lo 30.

Iṣẹ́ “per 36” nìyẹn: iye pọ́ìntì tí ọmọ ì bá jù ká ní ó lo ìṣẹ́jú 36 lórí pápá. Ẹ pín pọ́ìntì ọmọ sí iye ìṣẹ́jú tó lò, kí ẹ wá wo ìlọ́po 36 rẹ̀. 8 láàárín ìṣẹ́jú 10 á di 28.8, 14 láàárín 30 á di 16.8. Ìdí tó fi jẹ́ 36 ni pé ìṣẹ́jú 48 ni eré NBA, ìdíje bọ́ọ̀lù àjùsáwọ̀n ńlá ti Amẹ́ríkà, ẹni tó bá sì máa ń bẹ̀rẹ̀ eré lè lo bí 36 nínú rẹ̀. Bí ìrẹsì kan bá wà nínú àpò, tí òmíràn wà nínú abọ́, ta ló máa sọ èyí tó wọ́n jù láìjẹ́ pé kóńgò kan náà la fi wọ̀n wọ́n? Ìṣẹ́jú 36 ni kóńgò wa.

Síbẹ̀, mo ní kí bàbá má tíì yọ̀. Ìgbà tí eré ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí, tó ti rẹ àwọn alátakò, ni wọ́n fi ọmọ wọn wọlé. Ìṣẹ́jú 10 kéré jù láti fi gbé ọmọ gẹ̀gẹ̀. Ó kéré tán, èmi á dúró kí eré tó bíi mẹ́wàá.

Kóńgò náà sì ní ibi tí agbára rẹ̀ mọ. Ẹ wo Giannis Antetokounmpo, ọmọ Adétòkunbọ̀ tí wọ́n bí ní Athens lọ́dún 1994, lẹ́yìn tí àwọn òbí rẹ̀ ti kúrò ní Nàìjíríà. Ní sáà 2013-14, tó kọ́kọ́ gbá fún Milwaukee Bucks, ẹgbẹ́ kan ní NBA, pọ́ìntì 6.8 ló ń jù nínú eré kan, láàárín ìṣẹ́jú 24.6. Michael Carter-Williams ti Philadelphia 76ers ń ju 16.7 láàárín 34.5, òun ni wọ́n sì fún ní àmì-ẹ̀yẹ ọ̀jẹ̀ wẹ́wẹ́ tó ta yọ jù lọ. Ẹ wọ̀n wọ́n sí 36: Giannis á ní bíi 10, Carter-Williams á ní 17.4. Carter-Williams ṣì lékè. Ibí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti máa ń pa ìwé dé, ó sì máa ń dùn mí.

Nítorí pé nígbà tí sáà yẹn bẹ̀rẹ̀, ọmọ ọdún 18 tó ń lọ sí 19 ni Giannis, èkejì sì ṣẹ̀ṣẹ̀ pé 22. Ó lé díẹ̀ ní ọdún mẹ́ta tí eegun ń le, tí ọgbọ́n eré ń wọra! Eré 19 péré nínú 82 ni 76ers borí. Ní sáà náà, kò sí ẹgbẹ́ tó ń sáré tó wọn, torí náà àǹfààní láti ju bọ́ọ̀lù pọ̀ lọ́wọ́ wọn. Nínú 100 tí Carter-Williams jù, bíi 40 ló ń wọlé. Ti Giannis jẹ́ bíi 41. Giannis ló wá di agbábọ́ọ̀lù tó pegedé jù ní NBA lọ́dún 2019 àti 2020, ó sì ju pọ́ìntì 50 nínú eré tó fún Bucks ní ife ẹ̀yẹ lọ́dún 2021.

Ohun kan wà tí mo tún máa ń bèèrè: ìgbà wo lọmọ kọ́kọ́ fọwọ́ kan bọ́ọ̀lù? Hakeem Olajuwon, ọmọ Èkó, ti tó bí ọmọ ọdún 15 sí 17 kó tó kúrò nídìí handball bọ́ sídìí bọ́ọ̀lù àjùsáwọ̀n. Ní sáà àkọ́kọ́ rẹ̀ ní NBA pẹ̀lú Houston Rockets, 1984-85, ó ń ju pọ́ìntì 20.6, ó sì ń já bọ́ọ̀lù tó bá ta padà lára irin gbà nígbà 11.9 nínú eré kan. Ẹni tó bá ka ọjọ́ orí rẹ̀ nìkan kò tíì mọ bí eré yẹn ṣe yá lára rẹ̀ tó.

Bàbá gba báírò lọ́wọ́ mi. Wọ́n fa ìlà mẹ́ta kún ìwé náà: ìṣẹ́jú, ọjọ́ orí, ọdún tó ti ń gbá a. Wọ́n dìde, wọ́n sì lọ bá kóòṣì lẹ́bàá pápá.